Onílé Inú Ọ̀sà

Ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ńlá Lẹ́kkí lójú dé Ajah, iyanrìn di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Ilé ń hù bí olú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, kò sì sí ilé tí kò béèrè iyanrìn. Ti ọ̀sà ni wọ́n ń fẹ́ jù, nítorí pé ti òkun ní iyọ̀ nínú. Akíndàmọ́lá wà lára àwọn tó ń lọ kó o wá láti ìsàlẹ̀ omi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ó sì ti lo ọdún mẹ́tàlélógún nídìí mòòkùn ní etí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Ajah.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló ṣòro. Wọ́n á tu ọkọ̀ igi dé ibi tí iyanrìn bá dára, wọ́n á gún ọ̀pá ọparun gígùn mọ́lẹ̀ títí yóò fi dúró gbọn-in. Ẹni tó fẹ́ mòòkùn á di ọ̀pá náà mú, á gbé garawa dání, á sì máa fa ara rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí omi yóò fi ṣú dùdù. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀, á bu iyanrìn kún garawa, á mi okùn tí wọ́n so mọ́ ọn, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á fà á sókè. Èémí kan, garawa kan.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí Akíndàmọ́lá nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ń bù ú, ni nǹkan kan bá fi ẹnu kan apá rẹ̀. Ẹnu náà rọ̀, irun gán-ín-gán-ín sì yí i ká, bí irùngbọ̀n arúgbó tí kò fá a láti ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kí ó fi garawa sílẹ̀ kí ó sì sá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló sọ sí i létí, ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ láti kékeré nínú ọkọ̀ ẹja: "Bí o bá pàdé onílé nínú ilé rẹ̀, dúró jẹ́ẹ́. Ìwọ ni àlejò." Ó dúró jẹ́ẹ́. Nǹkan náà gbóòórùn apá rẹ̀, ó gbóòórùn garawa, ó sì gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gùn tó ọkùnrin méjì tí wọ́n sùn ní orí sí ẹsẹ̀. Ìrù rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, bó sì ti jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi ti Akíndàmọ́lá láyà sẹ́yìn bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í.

Màlúù omi ni àwọn mìíràn ń pe ẹran náà, nítorí pé koríko ló ń jẹ. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, òkè omi ló sì ń wá mí. Ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ pọ̀, ó sì dùn, àwọn ọdẹ omi a sì máa fi ọ̀kọ̀ lúgọ dè é. Nítorí náà ni Akíndàmọ́lá ṣe pa ẹnu mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń fa okùn kò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó di olóògbé ní ọdún kejì lẹ́yìn náà kò gbọ́.

Lọ́dọọdún, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé tí omi sì mọ́ díẹ̀, á tu ọkọ̀ kékeré rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ koríko, ibi kan tí ọ̀sà ti ya wọ ilẹ̀, tí òṣíbàtà bò lójú. Kì í gbé garawa lọ. Á fà kalẹ̀ lára ọ̀pá, á dúró. Ìgbà mìíràn onílé á yọ, ìgbà mìíràn kò ní yọ. Kò fọwọ́ kàn án rí. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, onílé bí ọmọ kan, ọmọ náà sì ń ké lábẹ́ omi, ohùn tínínrín bí ìgbà tí ìka tútù bá ń nu àwo tó mọ́. Akíndàmọ́lá a máa gbọ́ ọ ketekete. Ohun tó yà á lẹ́nu nìyẹn, nítorí pé lórí ilẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohunkóhun mọ́.

Àwọn ènìyàn kò tètè mọ̀. Agogo ìjọ ló tú u fó. Ìjọ aláṣọ funfun ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwadábírà, ń lọ, agogo ni wọ́n sì fi ń sọ fún ìjọ pé ó tó àkókò ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan wọ́n lu agogo, gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, Akíndàmọ́lá nìkan ló wà lóòró bí ọ̀pá nínú omi, tó di ojú, tó ń kọ orin tó ti parí. Dábírà dìde láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó lọ fa sùtánà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ agogo ni?"

"Agogo wo?"

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Dábírà, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Lẹ́kkí Phase 1. Kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ó gba ààyè níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Hameedah. Dókítà tan iná sí etí ọ̀tún, ó tan án sí tòsì, ó sì jókòó.

"Bàbá, awọ inú etí ọ̀tún yín ti ya pátápátá. Tòsì náà ti lu. Omi ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ o."

Dábírà ní láti tún un sọ sí i létí kíkankíkan. Akíndàmọ́lá béèrè pé, "Títí di ìgbà wo?"

"Tó bá jẹ́ ti mòòkùn ni, títí láé. Oògùn lè mú kí tòsì san díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún lọ sísàlẹ̀, òòyì lè kọ́ yín níbẹ̀, ẹ ò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ẹ má dán an wò, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Akíndàmọ́lá fọwọ́ kan etí ọ̀tún rẹ̀. "Kí ló wá dé tí mo fi ń gbọ́ dáadáa nínú omi?"

"Nínú omi, egungun orí ni ohùn ń gbà wọlé, kò nílò awọ yẹn." Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí lẹ máa ń gbọ́ níbẹ̀?"

Akíndàmọ́lá wo ara ògiri. "Omi ni."

Dábírà mọ̀ pé bàbá òun ń fi nǹkan pa mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Akíndàmọ́lá lọ bá Odùbánjọ, ẹni tó jẹ́ olórí gbogbo àwọn tó ń wa iyanrìn níbẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni Odùbánjọ, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ló fún Akíndàmọ́lá ní ibi tó so ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó ti Ìlàjẹ dé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi mòòkùn sílẹ̀."

"Etí?"

"Etí ni, sà."

"Ó pẹ́ tí mo ti ń pè ọ́ tí o kì í dá mi lóhùn. Mo rò pé ìgbéraga ni." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Odùbánjọ sún mọ́ ọn, ó sì gbé ohùn sókè kí ó lè gbọ́. "Kí o tó lọ, bá mi ṣe ohun kan. Iyanrìn ibi tí a wà ti ń tán. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀, mo fẹ́ kó ọ̀pá lọ sí kọ̀rọ̀ koríko. Ṣé iyanrìn ibẹ̀ ṣì dára?"

Iyanrìn ibẹ̀ ló dára jù ní gbogbo etí ọ̀sà náà. Akíndàmọ́lá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò lè purọ́ fún ọkùnrin yìí, kò sì lè sọ òtítọ́. Bí ó bá ní ẹran wà níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo etí ọ̀sà á ti gbọ́, ọdẹ á ti pọ́n ọ̀kọ̀. Bí kò bá sì sọ ọ́, ogún ọ̀pá á gún koríko onílé mọ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná," ló rí sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pe Dábírà jókòó sẹ́yìnkùlé, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìgbà tí ẹnu onírun ti kan apá rẹ̀ títí dé ti ọmọ tó ń ké. Dábírà tẹ́tí sílẹ̀, oúnjẹ tutù níwájú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà, Bàbá? Ẹ ò sọ fún Màámi?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ń sún un síwájú, ikú sì dé." Ó ti àwo oúnjẹ sún mọ́ ọmọ rẹ̀. "Ó tó oṣù kan tí mi ò ti débẹ̀. Bóyá wọ́n ti lọ. Bí wọ́n bá ti lọ, mi ò ní nǹkan kan láti sọ fún ẹ̀gbọ́n Odùbánjọ, kí ó kó ọ̀pá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ la ẹnu. Èmi ò sì lè lọ wò ó mọ́."

Dábírà mọ ohun tó ń bọ̀. Etí omi ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí ó tó mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó tó ọdún márùn-ún tí omi ọ̀sà ti kan ara rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì yìí ńkọ́?" ló wí, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú, wọ́n tu ọkọ̀ lọ. Akíndàmọ́lá gún ọ̀pá kan sí ẹ̀bá koríko, ó fi òwú tí wọ́n fi òróró pa di etí ara rẹ̀, bí dókítà ti wí. Dábírà de awò ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ ojú, ó fi ọ̀rá wé irun, ó sì fà kalẹ̀. Ìgbà kẹta tó lọ sísàlẹ̀ ni omi dàrú. Ẹrẹ̀ rú sókè, òṣíbàtà mì, igbi kan sì ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dábírà yọrí, ó ń mí gúlegúle.

"Kí lo ṣe?"

"Mo rí òjìji rẹ̀, Bàbá! Ó tóbi! Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀, mo lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a, ló bá..." Ó na ọwọ́ láti fi hàn bó ṣe lọ.

Akíndàmọ́lá kò bínú. Ó fà á wọ inú ọkọ̀, ó na aṣọ ìnura sí i. "Bí àlejò bá wọlé rẹ, tó wá ń lé ọ káàkiri yàrá, ṣé o máa dúró kí i?"

Dábírà dorí kodò. "Ṣé ó ti lọ nìyẹn?"

"Ó lọ fún òní. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́, o rí i?"

"Mi ò rí ọmọ."

Ìyẹn ló ká Akíndàmọ́lá lára jù. Ọmọ lè wà, ọmọ lè má sí mọ́. Wọ́n ní láti padà wá.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí Dábírà bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà, bàbá rẹ̀ á ti máa dúró dè é. Á ní kí ó jókòó, kí ó dá èémí dúró, kí ó sì jẹ́ kí èjìká rẹ̀ rọ̀. Òun á máa fi ìka kà fún un. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ fẹnu kàn ọ́. Má dúró sáàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Má sì wà lókè orí rẹ̀ láé, nítorí òkè ló ń lọ mí, ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí bí èémí bá tán. Ojú rẹ, má tẹjú mọ́ ọn. Wo ẹ̀gbẹ́. Á wá fúnra rẹ̀ bó bá wù ú. Bí kò bá wù ú, a ti kí i náà nìyẹn."

"Bó bá sì wá sọ́dọ̀ mi ńkọ́?"

"O ò ní ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló le jù."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì dé. Ọ̀la ni Ìsinmi, ọ̀tunla ni Odùbánjọ máa kó ọ̀pá. Omi dúró bí òróró. Dábírà fà kalẹ̀ jẹ́ẹ́, kò ta omi. Ó lọ, ó bọ̀. Ó lọ, ó bọ̀. Bó bá yọrí, á kàn mi orí fún bàbá rẹ̀, á mí dáadáa, á sì tún padà.

Akíndàmọ́lá jókòó nínú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Kò jókòó lókè rí kí ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀ nítorí tirẹ̀. Ó wo àjẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀, ó sì rántí bí àwọn bàbá rẹ̀ ṣe ń wá ẹja tó ń kùn lábẹ́ omi: wọ́n á ki ẹnu àjẹ̀ bọ omi, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á sì gbọ́ ibi tí ẹja wà. Dókítà sáà ti ní egungun ni. Ó ki àjẹ̀ bọ omi, ó fi eyín di ìdí rẹ̀ mú, ó dijú.

Kò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ bí koríko ṣe ń ya, ràkà, ràkà, bí ẹni tó ń fa ilá já. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn tínínrín náà ké. Ìyá rẹ̀ dáhùn pẹ̀lú ohùn tó nípọn díẹ̀. Ọmọ tún ké lẹ́ẹ̀mejì. Akíndàmọ́lá kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, àjẹ̀ lẹ́nu, kò mira.

Èyí tí Dábírà lọ kẹ́yìn pẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tó yọrí, kò pariwo. Ó di etí ọkọ̀ mú, ó ṣí awò ojú, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó súnmọ́ etí òsì rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ó wà, Bàbá. Àwọn méjèèjì wà. Abẹ́ apá ìyá rẹ̀ ló ti ń mu ọmú, Bàbá, abẹ́ apá! Nígbà tó mu tán, ó wá bá mi. Ó fẹnu kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó rìn mí, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú omi. Ìyá rẹ̀ ń wò wá, kò lé mi. Mi ò ṣe nǹkan kan. Mi ò ṣe nǹkan kan rárá."

"O ṣeun," Akíndàmọ́lá wí. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni. Ẹ gbọ́ ọ?" Ojú rẹ̀ là. "Báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ?"

Ó fi àjẹ̀ hàn án.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ Odùbánjọ lọ, aṣọ Dábírà ṣì tutù. Bàbá náà jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Akíndàmọ́lá dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan kù. Bó ti ń sọ ọ́, ó ń wo ojú Odùbánjọ bóyá á rí ojú ọdẹ níbẹ̀. Odùbánjọ gbé àwọ̀n sílẹ̀.

"Kọ̀rọ̀ koríko?"

"Ibẹ̀ ni, sà."

"O rò pé ìwọ nìkan ni Ọlọ́run dá ojú fún, àbí? Kí o tó ti Ìlàjẹ dé ni mo ti mọ̀ ọ́n." Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò. "Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá bàbá mi fi ọ̀kọ̀ pa ọ̀kan níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo abúlé fi jẹ ẹran, àwa ọmọdé ń jó. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọmọ yẹn fi ń lọ, tó ń bọ̀ létí omi, tó ń wá ìyá rẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ pọn omi. Mo ń rí i." Ó wo apá ọ̀sà. "Láti ìgbà tí mo ti di olórí ibí, ṣé o rí i kí a gún ọ̀pá síbẹ̀ rí? Iyanrìn tó dára tó yẹn? O ò bi mí léèrè rí."

Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́tàlélógún, Akíndàmọ́lá kò bi í léèrè rí.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi fẹ́ lọ báyìí, sà?"

"Ó tó ọdún mẹ́rin tí mi ò ti rí koríko tí wọ́n gé lẹ́nu. Ojú mi ti ń di bàìbàì. Mo ní àwọn ọdẹ ti pa á tán, tàbí kẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ọ̀nà yìí ti lé e lọ. Ilé tó ti ṣófo, ta ni à ń ṣọ́ ọ fún?" Ó yíjú sí Dábírà. "Ọmọ mi, tún un sọ fún mi. Ibo lo ní ó ti ń mu ọmú?"

"Abẹ́ apá ìyá rẹ̀, Bàbá."

"Abẹ́ apá," ni Odùbánjọ tún wí, ó sì rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n kí kú oríire ọmọ.

Lọ́jọ́ Ajé, apá ìwọ̀ oòrùn ọ̀sà ni wọ́n kó ọ̀pá lọ, kì í ṣe kọ̀rọ̀ koríko. Iyanrìn ibẹ̀ kún fún òkúta wẹ́wẹ́, ibẹ̀ sì jìnnà. Clement, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fa okùn, kùn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Odùbánjọ kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. "Ẹ fà á bẹ́ẹ̀," ló ń wí. Akíndàmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọkọ̀ ṣe lórí ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ọn. Etí òsì san dé ibi tí Dábírà kò fi ní láti pariwo mọ́ bí ó bá kí i káàárọ̀. Tọ̀tún kò san.

Nígbà tí òjò kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀, Odùbánjọ wá bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí kọ̀rọ̀ koríko. Akíndàmọ́lá tu ọkọ̀, Dábírà jókòó síwájú. Wọ́n dúró sí òkèèrè koríko, wọn kò gún ọ̀pá, kò sí ẹni tó wọ omi. Oòrùn pa wọ́n díẹ̀, ìkùukùu sì bò ó. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà imú ńlá kan yọ lójú omi, ó mí, "Hàáà," imú kékeré mìíràn sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Odùbánjọ ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ń wò wọ́n títí omi fi padé.

Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ká má jókòó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn."

Akíndàmọ́lá yí ọkọ̀ padà. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ọ̀sà kí wọ́n tó dé èbúté, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí ó yára.